Ẹ̀yìn Bébà

Olùkọ́ náà fa wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yọ lára kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, ó sì fi í sára tirẹ̀.

"Mo ṣì ń lò ó," ni ọkọ rẹ̀ jágbe.

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń lò ó, Dádì Goodness. Ọ̀la ni mo ń padà sí Oǹdó."

"Má fọwọ́ kan bébà tuntun. Ó ti wọ́n bí ojú." Ọkọ mú ọ̀kan lára àwọn tí tàdáwà ti bà jẹ́, ó jù ú sí i. "Ẹ̀yìn èyí ni kó o lò."

Ó lò ó. Lẹ́tà rẹ̀ jáde: ó ń bẹ ìjọba kí wọ́n gbé iṣẹ́ òun wá sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ ọkọ òun.

Ó yí bébà náà padà. Lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ kọ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Ẹ lè gbé mi lọ síbikíbi. Mi ò ní ìyàwó."