Igun Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá Kò-sí-bíi-tèmi làdúgbò ń pe káfíńtà àgbà náà, kò sì bínú sí orúkọ náà rí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo mú ọ̀dọ́mọkùnrin káfíńtà kan wálé pé òun lòun máa fẹ́, bàbá yínmú.

"Ikán ti jẹ igi etí àjà pálọ̀ mi," ó sọ fún un. "Pààrọ̀ èyí tí ikán jẹ. Bí réésà bá fi lè wọ ibi tí igi méjì ti pàdé, wáyàwó lọ síbòmíì."

"Mo ti gbọ́, sà."

Bàbá lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ títí iṣẹ́ fi parí. Ó ní òun ò lè máa wo ọmọdé tó ń fi igi ṣòfò.

Nígbà tó padà dé, ọ̀dà funfun ti gba gbogbo etí àjà. Ó gun àkàbà, réésà lọ́wọ́. Ní igun àkọ́kọ́, réésà ò wọlé. Ọmọ náà ò gé ẹnu igi méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Ó ti ọ̀kan gbọọrọ kan ògiri, ó wá fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ ẹnu èkejì títí ó fi gbá a mọ́ra. "Àṣejù," ni bàbá wí. Réésà ò wọ igun kejì, kò wọ ìkẹta. Inú bí bàbá.

"Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù gíga yẹn kúrò. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ̀lẹ máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí."

Níbẹ̀, réésà wọlé wọ̀ọ̀. Ó fi èékánná họ ọ̀dà, ó bá lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò dí ìyókù àlàfo náà, ó ti le bí òkúta. Inú bàbá dùn dé ọrùn.

"Bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọ̀bùn! Ṣé eyín lẹni tó ṣe èyí fi gé igi ni? Bírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bímọ, ojú á máa ti ọmọ náà láti pè é ní bàbá!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọ̀rọ̀ parí. Kò síyàwó níbí."

Ìyá ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ di àkàbà mú dáadáa kí ọkọ rẹ̀ má bàa ṣubú, ó tó wá ní, "Baálé mi, ikán ò jẹ igun yẹn, ẹ̀yin lẹ kàn án lọ́dún tá a kó wọlé, ọmọ yìí ló sì ní òun ò jẹ́ tú iṣẹ́ ọwọ́ àna òun."