Òkúta Tó Ní Òwú Pupa

Ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kà á dé ìparí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tó dùn wá jù wà. Ẹni tó bá ní àbúrò, kó rọra kà á.

1.

Ní abúlé wa lábẹ́ òkè Sallacocha, ta ni kò mọ Eliseo Cochachin? Lọ́dọọdún, nígbà ọdún Màríà Wúndíá, àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré gun òkè lọ sí adágún, wọ́n á rọ omi rẹ̀ sínú ìgò, wọ́n á sì sáré padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé omi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń gbé àsíá ṣáájú ère Màríà. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n Eliseo ti hù ni kò ti sí ẹlòmíràn tó gbé e. Ó wá ń ṣe bí ẹni pé ogún bàbá òun ni.

Àṣé Nilda, àbúrò rẹ̀ obìnrin, náà ti ń sáré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ẹ̀yìn àgùntàn ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ Eliseo dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Eliseo, lọ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ o! Nilda ló máa gbé àsíá lọ́dún yìí."

Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja.

2.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì fẹ́ lọ dán ẹsẹ̀ wò. Ikọ́ ti ń bá Eliseo jà. Màmá wọn, Alejandrina, di àgbàdo yíyan fún wọn, ó gbójú sókè wo òkè.

"Bí òkè bá dé fìlà dúdú, ẹ padà o. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá."

Nilda fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, bí ikọ́ yẹn bá dá yín dúró lọ́nà, màá bá yín rọ omi tiyín. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi lò ń bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Máa lọ níwájú jàre. Màá kọjá ẹ lọ́nà."

Ìfẹ́ ni ọmọ yẹn fi sọ ọ́. Ẹ̀gàn ni Eliseo gbọ́.

3.

Níbi tí ọ̀nà ti gba àárín òkè méjì kọjá, òkìtì òkúta kan wà. Gbogbo ẹni tó ń sáré ló ní òkúta tirẹ̀. Bó o bá ń kọjá lọ sí adágún, wàá gbé e sórí òkìtì. Bó o bá ń padà bọ̀, wàá mú un. Òkúta tí wọ́n bá bá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹni tó ni ín ṣì wà lókè, kí wọ́n lọ wá a. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan òkúta ẹlòmíràn.

Eliseo dé ibẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òkè ti dé fìlà dúdú. Ó fẹ́ padà, ó sì tọ́ kó padà. Ìgbà náà ló rí òkúta Nilda, funfun, òwú pupa tó fi ń hun aṣọ ló so mọ́ ọn. Nilda ti kọjá kí ìkùukùu tó ṣú.

"Wọ́n á ní ibi tí mo ti sá padà ni obìnrin gbà kọjá," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú òkúta náà, ó jù ú sápò. "Kò ní pẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Màá fún un nílé. Bí wọn kò bá rí i níbí, wọ́n á ní àwa méjèèjì la padà, ó parí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Òkúta tí kò tó ẹyin adìyẹ!

4.

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, Nilda kò dé. Bàbá Hilario, olórí àwọn ọlọ́dẹ abúlé, kó àwọn ọkùnrin jọ, wọ́n gòkè. Eliseo, tó ti padà sílé, tẹ̀ lé wọn dé ìdí òkìtì.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni Bàbá Hilario wí. "Òkúta rẹ̀ kò sí. Ó ti kọjá sí ìhà wa. Ẹ jẹ́ ká padà sínú àfonífojì. Eliseo, ṣé o rí i nígbà tó ń bọ̀?"

Kó kàn la ẹnu ni. Kó kàn ti ọwọ́ bọ àpò. Ojú tì í.

"Mi ò rí i, Bàbá."

Bí gbogbo wọn ṣe kẹ̀yìn sí adágún nìyẹn. Wọ́n wá a ní àfonífojì, wọ́n wá a ní gbogbo ọgbà àgùntàn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn fi há. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ kí Eliseo tó kúnlẹ̀ níwájú màmá rẹ̀, tó la àtẹ́lẹwọ́. Ìyá rí òwú pupa.

"Ta ló mú un?"

"Èmi ni, Màmá."

5.

Wọ́n tún gòkè, wọ́n bá Nilda lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, kò jìnnà sí ẹ̀yìn òkìtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ó ti wọ́ ara rẹ̀ láti adágún dé ibẹ̀. Bàbá Hilario ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ká ní wọ́n rékọjá òkìtì lálẹ́ yẹn ni, wọn ì bá bá a láàyè.

Ìgò méjì ló wà nínú àpò rẹ̀, omi adágún kún méjèèjì. Òwú pupa ló so mọ́ ọ̀kan. Òwú dúdú ló so mọ́ èkejì, àwọ̀ tí Eliseo ń so mọ́ òkúta tirẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ ọ́ lóòótọ́.

Kò sẹ́ni tó gbé àsíá lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Alejandrina gba òkúta náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀pá díẹ̀díẹ̀ gòkè, ó sì gbé e padà sórí òkìtì. Eliseo ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un. A ti gbé Nilda sọ̀ kalẹ̀. A ti sin ín."

"Ọmọ mi ṣì wà lókè," ni ìyá wí. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

Òkúta náà wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á débí, ẹ gbọ́ o. Bí àbúrò yín bá ta yín yọ, ẹ jẹ́ kó ta yín yọ; iyì ilé yín náà ni. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹ̀mí là. Ìtìjú ọjọ́ kan kò pa ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú ló pé jọ, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.