Ọ̀gágun Tó Gba Ìkíni Nínú Igbó

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí, mo fi irin búra. Kò kàn ṣojú mi ni. Ẹni tó ṣojú ẹ̀ ló sọ fún ẹni tó sọ fún mi.

Ọ̀gágun Olúṣọlá fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ. Bí ṣọ́jà bá kí i láìdúró ṣánṣán, inú rẹ̀ kì í dùn mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí àwọn ajínigbé gbé Níkẹ́, ọmọ Ògúndáre ọdẹ, lọ́nà oko lẹ́yìn Ẹdẹ, àwọn ọdẹ dara pọ̀ mọ́ ṣọ́jà, wọ́n pàgọ́ sínú igbó nítòsí odò kan. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ajínigbé yóò mú ọmọ náà kọjá létí odò náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọ̀gágun wá bẹ àgọ́ náà wò.

Kò rí ọdẹ kankan, kò rí ṣọ́jà kankan. Gbogbo wọn ti lúgọ sínú ewé. Ògúnmọ́dẹdé, olórí àwọn ọdẹ, rákò dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọdẹ tó bá lúgọ kì í kí èèyàn, ìbáà ṣe bàbá tó bí i. Yíyọ́ ẹkùn, bí tojo kọ́. Bí a bá gba ọmọ yìí tán, a ó dọ̀bálẹ̀ fún yín títí yóò fi sú yín."

"Ṣé ẹran ìgbẹ́ lẹ rí mi sí, tí ẹ ń lúgọ dè mí? Ẹ jáde, ẹ tò sójú kan."

"Ọ̀gá, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé," Ògúndáre bẹ̀ ẹ́. "Ọmọ mi ni."

"Báwo ni ìkíni ṣe máa ń pẹ́ tó?"

Àṣẹ ọ̀gá ò ṣeé kọ̀. Wọ́n jáde, wọ́n tò, wọ́n ń kí i. Ẹnu ìkíni ni wọ́n wà tí àwọn ajínigbé fi yọ lódìkejì odò, tí wọ́n rí àwọn tó tò náà kedere. Wọ́n yìnbọn, wọ́n fa Níkẹ́ padà sínú igbó. Bí ìbọn ṣe dún ni Ọ̀gágun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀, lẹ́sẹ̀ Ògúnmọ́dẹdé.

"Ẹ dìde, ọ̀gá," ni Ògúnmọ́dẹdé wí. "A ti gba ìkíni yín."

Ògúndáre ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Ọ̀gágun. "Ẹ̀yin náà ti gba tiyín. Ọmọ mi ńkọ́?"

Àwọn ọdẹ tọ ipasẹ̀ àwọn ajínigbé náà títí, ṣùgbọ́n Níkẹ́ ò tíì délé di òní. Àwọn ọ̀gá àgbà ológun gba ipò lọ́wọ́ Olúṣọlá, wọ́n bọ́ aṣọ ogun lára rẹ̀. Bó bá ń kọjá ní Ẹdẹ báyìí, ọlọ́kadà pàápàá kì í kí i.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó wá ran ni lọ́wọ́ má sọ ara rẹ̀ di iṣẹ́ fún ni. Ọ̀wọ̀ tí a bá fi ipá gbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíràn ló máa ń jìyà rẹ̀. Àṣejù ní í ba ọlá jẹ́, ìgbà tó bá sì bà á jẹ́ tán, kì í ṣe ọlọ́lá nìkan ni yóò sunkún.

Ẹrọ̀fọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ o, ti Níkẹ́ náà kì í ṣe irọ́. Ibi ìjìyà Ọ̀gágun nìkan ni mo fi kún un. Wọ́n kàn gbé e lọ sí àgọ́ mìíràn ni, wọ́n sì ń kí i dáadáa níbẹ̀.