Orin Tí Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Fẹ́ Gbọ́

Mo jókòó sí pálọ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Gìtá wà lórí itan mi, máíkì wà níwájú mi.

Kọ́ọ̀dù máínọ̀ mẹ́rin, ìró gìtá tó fani lọ́kàn bí arò, ń dún látinú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ta wọ́n kó tó kú. Kò sí orin tó fẹ́ràn tó wọn.

Mò ń ta orin kékeré kan lé wọn lórí, mo sì ń gbà á sílẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ já wọlé.

"Ta ló ní kí o tan nǹkan yìí?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Mo fẹ́ bá a parí ẹ̀ ni."

"Pa á! Inú ilé mi lo wà!"

Mo tún orin náà bẹ̀rẹ̀.

Ó fọwọ́ gbá tábìlì. "Olóríkunkun! Bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ní kó dákẹ́, kò dákẹ́."

"Ṣebí ẹ ní ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi títí èémí ẹ̀ fi ń fẹ́ sí mi lójú.

"Ta ló yọ̀? Èmi ni mo tì í. Tí o bá tún fọwọ́ kan okùn gìtá yẹn, màá ti ìwọ náà."

Mo ta á dópin, mo sì fi ohun tí mo gbà ránṣẹ́ látorí kọ̀ǹpútà sáwọn ọlọ́pàá tó ń dúró níta.

Ó pòṣé. "O ò tiẹ̀ mọ gìtá ta."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ gìtá ta rí láyé mi. Orin kan ṣoṣo yẹn ni mo lọ kọ́, torí mo mọ̀ pé kò ní lè gbọ́ kọ́ọ̀dù ìyàwó ẹ̀ kó pa ẹnu mọ́.

Ohùn ẹ̀ ni mo wá gbà sílẹ̀, kì í ṣe orin.