Yọ Àánú Kúrò

"Yọ 'ó ṣeni láàánú' kúrò níbẹ̀," ni lọ́yà wí. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí o kọ."

Nọ́ọ̀sì pa á rẹ́. Iṣẹ́ tuntun ló ń kọ́: kó máa kọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn sílẹ̀ lọ́nà tí á fi yé ilé ẹjọ́. Lọ́yà ló rán an sí ìlú Ìkọ̀yà, sọ́dọ̀ Ìyá Charity tí ọmọ rẹ̀ kú sílé ìwòsàn. Ó ní kó sọ fún un pé ìrànlọ́wọ́ dé. Ìyá náà fi ẹkún sọ gbogbo rẹ̀, títí kan àgbo tó kọ́kọ́ fún ọmọ nílé.

Lọ́yà kà á tán, ó rẹ́rìn-ín. "O ti mọ̀ ọ́n kọ, àbúrò. Àgbo yìí la ó fi borí."

"Báwo nìyẹn ṣe máa ran ìyá náà lọ́wọ́, sà?"

"Ìyá wo? Ilé ìwòsàn ló gbà mí ní lọ́yà."

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó jáde. Ìyá Charity ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé oúnjẹ púpurú wá fi dúpẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé o kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́? Má fi nǹkan kan pamọ́ fún lọ́yà wa o."