Oògùn Èékánná

Nọ́ọ̀sì gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá Olúrántí sókè, ó kanra. Oṣù mẹ́ta gbáko, èékánná náà ṣì dúdú, ó ṣì nípọn bí èèpo igi.

"Bàbá, ẹ ò lo oògùn yìí!"

"Mò ń lò ó lójoojúmọ́! Láti Ọ̀kà ni mo ti ń gun ọ̀kadà wá gbà á ní Ìkàrẹ́ níbí. Oògùn yín ni ò dáa."

"Ó dáa, ẹ lo tòní lójú mi."

Bàbá mú hóró oògùn kan àti ìgò àdí jáde nínú àpò. Ó fi ìdí ìgò lọ oògùn náà kúnná, ó kán àdí sí i, ó sì fi pa èékánná.

Nọ́ọ̀sì figbe ta. "Bàbá! Mo ní kí ẹ máa gbé e mì!"

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ṣé ẹnu ló ń dùn mí ni?"