Gìtá Kejì Nínú Ilé Sinimá

Olórin rọ́ọ̀kì ni Dúrótolú. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló sì ń gbé e kiri tà. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ́jọ́ kan, òun àti Adúnọlá, àbúrò rẹ̀ tó ń lu ìlù fún un, wọ ilé sinimá kan tó ti dahoro láti gba orin tuntun sílẹ̀.

Bó ṣe ń ta gìtá, gìtá mìíràn ń dá a lóhùn lẹ́yìn aṣọ sinimá. Ó dáwọ́ dúró. Èkejì ń bá a lọ, ó sì ń ta apá orin tí Dúrótolú kò tíì ta sétí ẹnikẹ́ni.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká lọ," ni Adúnọlá wí.

"Olè ni! Màá pa á lónìí!"

Ó fa irin yọ lára àga, ó ya aṣọ náà, ó sì ń lu ẹni tó jókòó nínú òkùnkùn. Ẹni náà kò ké. Níbi tí irin bá ti bà á, okùn gìtá ló ń dún. Lójijì, ọwọ́ tútù kan gbá Dúrótolú mú, ó ń ṣẹ́ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Adúnọlá fi igi ìlù gún ọwọ́ náà títí ó fi tú u sílẹ̀, ó sì wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde.

Níta, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ Dúrótolú. Nínú ilé, gìtá tún bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan sì gbé orin náà. Adúnọlá wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu náà pa dé pinpin, àmọ́ ohùn Dúrótolú gan-an ló ń kọrin lọ́hùn-ún.